Atalẹ̀ Pupa Inú Ìgò Kẹtàdínlógún

Kí oòrùn tó ga láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyá Alátalẹ̀ ti lọ atalẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun náà ń bọ́ sínú ọpọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pópó, débi pé ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á ti fà á símú kó tó mọ̀. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ìdajì rẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń ta èròjà: atalẹ̀, ààyù gbígbẹ, kànáfùrù, iyèré, àti àwọn ewé gbígbẹ tí àwọn èèyàn ń sè mu. Ní ìdajì yòókù, ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe. Bàbá Oníaago máa ń ṣàwàdà pé òwò méjèèjì kò bára mu rárá, torí pé bí ìyàwó òun bá sín lẹ́ẹ̀kan, ó di kí òun máa wá irin inú aago lábẹ́ tábìlì títí di ọ̀sán.

Ìyá Alátalẹ̀ ní àṣà kan tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun dà rú. Kì í da ìlọ̀ méjì pọ̀. Ohun tó bá lọ̀ lónìí, ìgò tirẹ̀ ló máa wọ̀. Á lẹ bébà funfun mọ́ ìgò náà, á kọ nọ́ńbà sí i, á kọ ọjọ́ tó lọ̀ ọ́ àti oko tí wọ́n ti wú u. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó gba ìwé ìrìnnà fún kànáfùrù.

Àṣà yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí lábù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ràn ọjà rẹ̀. Lábù náà ń yẹ ewé àti èròjà wò bóyá wọ́n lè pa àrùn jẹjẹrẹ, ẹni tó bá sì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá àti ìgbà tí wọ́n lọ̀ ọ́. Nítorí náà, láti inú àwọn ìgò ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti ń bu ohun tí wọ́n ń lò. Ọ̀mọ̀wé ni ìyá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí ìbéèrè rẹ̀ tí kì í tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ọkàn Ìyá Alátalẹ̀ kò sí nídìí asẹ́ tó ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nígbà tó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ó le, kì í yẹ̀ lójú kan, kò sì dùn ún rárá. Àìdùn yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú, torí lójú tirẹ̀, ohun tó bá lè pani gbọ́dọ̀ máa roni lára. Kò mọ̀ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ó pa á mọ́nú, kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò tíì lọ, òun á gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìròyìn tí Ọ̀mọ̀wé gbé wọlé ni kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn dé.

Ẹ̀rín ló bá wọlé, kò sì tíì kí wọn tán tó fi bẹ̀rẹ̀. "Màmá, nọ́ńbà kẹtàdínlógún yín yẹn, ó borí gbogbo wọn."

"Fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó borí ta ni?"

"Atalẹ̀ pupa tí ẹ lọ̀ lóṣù tó kọjá. Oríṣi mẹ́tàlélógún la yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ọmú la sì fi gbogbo wọn dojú kọ. Tiyín ló pa á jù. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó pa ọgọ́rin, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré."

Asẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Jẹjẹrẹ ọmú, àbí kí lo pè é?"

"Òun ni, Màmá. Ọ̀gá wa wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni ìyá rẹ̀ tún sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sórí bébà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgò.

Bàbá Oníaago gbójú sókè, ó ní ó ti dáa, kí wọ́n wá fi ìyàwó òun joyè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é lójú òun, kó má baà di pé òun á máa dọ̀bálẹ̀ kí òun tó jẹun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé bu kànáfùrù tó wá bù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò parọ́ ọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ohun tí kò sọ ni pé inú abọ́ gíláàsì kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, pé kò sí ara èèyàn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn débi pé kò rò ó mọ́ pé ó yẹ ní sísọ.

Bó ṣe yí kọ́nà báyìí, ìyá rẹ̀ gbé ìgò kẹtàdínlógún kúrò lórí pẹpẹ ọjà, ó gbé e wọ yàrá, ó sì fi aṣọ bò ó. Ìgò ńlá ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Láti ọjọ́ yẹn, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, nínú omi gbígbóná.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kókó náà ṣì wà. Ó ní bóyá ti inú ara ló ń pẹ́ ju ti inú lábù lọ, ó sọ ọ́ di ṣíbí méjì méjì. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Nígbà mìíràn, á dà bí ẹni pé ó ti ń kéré sí i. Torí pé ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ kàn án, kò mọ bó ṣe ń dàgbà sí. Nígbà tó di oṣù kẹfà, kò lè fi ọwọ́ òsì gbé asẹ́ ńlá mọ́, ó wá ń fi ti ọ̀tún nìkan gbọ̀n ọ́n. Ọkọ rẹ̀ rí i pé ìka rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, àwọ̀ náà kì í sì í lọ mọ́ bó bá fọ̀ ọ́. Ó fi ṣe àwàdà, ó ní tí iná bá lọ, ìka yẹn nìkan ni àwọn máa fi ríran. Ó rí i tó ń pò ó mu, ṣùgbọ́n ó rò pé ìyá àtọmọ ló jọ mọ̀ sí i.

Oṣù kẹfà yẹn náà ni aránṣọ tó wà ní òdìkejì pópó wá ra iyèré. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó sì fẹ́ràn Ìyá Alátalẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn àǹtí rẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun fọwọ́ kan nǹkan kékeré kan nínú ọmú òun, pé òun fẹ́ lọ fi han dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń ba òun. Ìyá Alátalẹ̀ ní kó má jáyà. Ó sọ àṣírí náà fún un, ó ní lábù ọmọ òun gan-an ló jẹ́rìí sí i, ó sì bu ife kan fún un nínú kẹtàdínlógún. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rere ló fi ṣe é.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìròyìn ayọ̀ yẹn, Ọ̀mọ̀wé tún dé, ó ní òun fẹ́ bu kẹtàdínlógún. Ìyá rẹ̀ ní ó ti tán. Ọmọ ní báwo ni ìgò tó tó yẹn ṣe tán. Ó ṣàlàyé pé ọ̀gá àwọn kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ àfi tí wọ́n bá tún un ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ̀ kan náà, láti rí i bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún ṣẹlẹ̀. Ó béèrè ẹni tó rà á, bóyá àwọn lè rí díẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń to ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Bàbá Oníaago kò yọ gíláàsì tó fi sójú kúrò. "Kò sí ẹni tó rà á," ló wí. "Ìyá rẹ ló mu ún. Ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kó máa lò ó ni?"

"Kó máa lò ó fún kí ni, Bàbá?"

Ìyá Alátalẹ̀ wá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sábẹ́ aṣọ, sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọdún mẹ́fà ni Ọ̀mọ̀wé ti fi ń wo jẹjẹrẹ nínú maikirosikópù. Kò fọwọ́ kàn án rí.

"Ìgbà wo lẹ rí i?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí o mú ìròyìn wá."

"Ẹ ò sì sọ fún mi, Màmá."

"Ìwọ lo sọ fún mi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, láìbínú. "O ní ó ń pa á."

Bàbá Oníaago yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà yẹn, ó gbé e sílẹ̀, kò sì tún mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ ṣe. Ọ̀mọ̀wé ní ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ìyá rẹ̀ ní òun á lọ. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mú òun dé ibi tí atalẹ̀ òun ti pa jẹjẹrẹ, kí òun fi ojú ara òun rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ yà sí lábù. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin arúgbó kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fa àga fún un, ó sì gbé abọ́ kan síwájú rẹ̀. Abọ́ náà tẹ́ pẹlẹbẹ, kò tóbi ju ìdérí ìgò rẹ̀ lọ. Omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀.

"Ṣé ibí yìí náà ni?" ni Ìyá Alátalẹ̀ béèrè.

"Ibí yìí náà ni, Màmá. Jẹjẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju eruku orí pẹpẹ lọ."

Ó wá fara balẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Wọ́n rẹ atalẹ̀ náà sínú sípíríìtì fún ọjọ́ méjì, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ títí ohun tó kún abọ́ ńlá fi di ohun tí kò kún ṣíbí tíì. Ògidì yẹn ni wọ́n kán sórí jẹjẹrẹ inú abọ́ tààrà, láìsí ikùn láàárín wọn, láìsí ẹ̀dọ̀, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pò ó mu, ikùn á gba tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, bíńtín tó bá kù ló máa wọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó máa dé ọmú kò tó ohun tí à ń sọ.

"Bí mo bá wá mu odidi ìgò lójúmọ́ ńkọ́?"

"Inú á máa run yín, ẹ̀dọ̀ yín lè kó sí wàhálà, jẹjẹrẹ kò sì ní tíì mọ̀ pé ẹ ń bá òun jà." Ó nawọ́ sí ìgò kan lábẹ́ síńkì. "Bílíìṣì tí a fi ń fọ ilẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kán díẹ̀ sínú abọ́ yìí, gbogbo wọn ló máa kú, kò ní gba ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé a máa wá mu bílíìṣì?"

Ìyá Alátalẹ̀ wo abọ́ náà pẹ́. "Kí lẹ wá ń ṣe é fún?"

"Torí pé ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan wà nílé ìwòsàn lónìí tó jẹ́ pé láti ara igi àti òdòdó ni wọ́n ti wá. Inú abọ́ báyìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú wọn, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n dán an wò lára ẹranko, kó tó wá kan àwọn èèyàn tó gbà bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọ̀pọ̀ tó yege nínú abọ́ kì í débì kankan. Ẹnu ọ̀nà la wà, Màmá."

"Ẹ̀yin wà lẹ́nu ọ̀nà," ni obìnrin náà wí, ó sì dìde, "èmi ti wọ yàrá lọ tẹ́ ẹní."

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti Ọ̀mọ̀wé lọ, bi í ní gbogbo ìbéèrè tó yẹ, ó wá ní ṣé ó ń lo ewé tàbí àgbo kankan. Ìyá Alátalẹ̀ fẹ́ sọ pé rárá. Ojú ń tì í. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ bá a wí. Àwọn èròjà kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá bí wọ́n bá la ara èèyàn, àwọn mìíràn sì lè da oògùn ilé ìwòsàn rú, nítorí náà ohun tí òun kò bá mọ̀ lè ṣe é ní jàǹbá lórí tábìlì òun. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́: iye ṣíbí, iye oṣù. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé abíyá. Wọ́n ní kó fi atalẹ̀ sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

"Bí mo bá wá nígbà tó dà bí ẹ̀wà ńkọ́?" ló béèrè.

Dókítà kò fi irọ́ pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó nìkan ni wọ́n máa yọ, kí wọ́n fi ọmú sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má tíì rìn kúrò lójú kan.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń dúró yẹn, kò sinmi. Ọjọ́ kejì èsì náà, ó sọdá pópó lọ bá aránṣọ. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán kọ́là. Ó bi í bóyá ó ṣì ń lo ohun tí òun bù fún un.

"Mò ń lò ó, Màmá. Ó tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo ní kí n wá bù sí i."

"Má bù sí i mọ́. Dà á nù. Nǹkan tó wà lára rẹ yẹn, báwo ló ṣe tó?"

Aránṣọ wá inú agolo bọ́tìnnì rẹ̀, ó mú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Kò ju báyìí lọ."

"Tèmi náà tó báyìí rí," ni Ìyá Alátalẹ̀ wí. Ó mú ọwọ́ aránṣọ, bó ṣe mú ti ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e síbi tí bọ́tìnnì yẹn ti di ohun tó kún ọwọ́.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, ó yọ aṣọ tó ń rán, ó ká a, ó sì bọ́ tépù kúrò lọ́rùn. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n jọ lọ lọ́jọ́ yẹn. Jẹjẹrẹ ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ kókó náà, wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì pẹ́ tí gbogbo pópó fi tún ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ti Ìyá Alátalẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ọmú òsì kúrò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi fa oògùn sí iṣan rẹ̀, irun rẹ̀ re, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bàbá Oníaago gbé aago kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èyí tó máa ń ké bí àsìkò oògùn bá tó, ojoojúmọ́ ló sì ń wá wò ó bóyá ó ṣì ń lọ geere. Kò tún fi ìka ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ti rí i tipẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe obìnrin yìí, pé ẹ̀rín ni òun fi rín in kọjá.

Ọ̀mọ̀wé náà tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ṣùgbọ́n ṣíbí ilé ti wọ ibẹ̀ jù, lábù kò lè lò ó mọ́. Wọ́n mú ìlọ̀ tuntun láti oko kan náà. Èyí kò pa ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Inú ọmọ náà bàjẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí ohun tó bàjẹ́, pé ìdí tí àwọn fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Láti ìgbà náà, kò tún gbé ìròyìn lábù wọlé láìfi kún un pé, "Inú abọ́ ni o." Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbádùn díẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dá a lóhùn. Bí ọmọ bá béèrè bóyá ara ti le, á ní, "Ó ti le, inú abọ́ nìkan kọ́."

Ó padà sídìí asẹ́. Ó ṣì ń ta atalẹ̀ pupa, torí èròjà dáadáa ni fún ìkòkò. Ṣùgbọ́n ó gbé ìgò kẹtàdínlógún, tó ti ṣófo, sáàárín pẹpẹ, ó sì lẹ bébà tuntun mọ́ ọn: A kì í ta oògùn jẹjẹrẹ níbí. Bí ọwọ́ yín bá kan kókó, ẹ lọ lónìí. Obìnrin tó bá dúró kà á, á bi í léèrè, jẹ́jẹ́, bóyá ó ti yẹ ara rẹ̀ wò lóṣù yẹn.

Ọdún méje ló tún gbé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kí jẹjẹrẹ tó padà wá mú un lọ. Ọdún méje kì í ṣe ohun kékeré, ó sì fi ìdùnnú lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ, tí tirẹ̀ kò ju bọ́tìnnì lọ, ti darúgbó báyìí, orí ẹ̀rọ yẹn náà ló ti ń lo awò. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ṣọ́ọ̀bù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé pópó yẹn rí, tó wá jìnnà sí i, bó bá gbóòórùn atalẹ̀ pupa níbikíbi, á dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má kórìíra ewé, ẹ má sì kórìíra àwọn tó ń fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá di oògùn, dókítà ló máa kọ ọ́ fún yín, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan kan ń pa jẹjẹrẹ, ẹ béèrè pé: nínú abọ́ ni, tàbí nínú ara èèyàn? Bí ẹ bá ti ń lo nǹkan kan, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà yín. Bí ọwọ́ yín bá sì kan kókó tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìbáà dùn yín, ìbáà má dùn yín, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.